Ibi tí wọ́n ti tú ìgbéyàwó ká ni ìwé wà: bí ẹ ó ṣe rí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ gbà ní kóòtù káúńtì ní Texas

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Houston fẹ́ fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ti lé ní ọdún 12 tí kóòtù ti tú òun àti ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ká. Ìbàdàn ni ọkọ tuntun wà, rẹ́jísìrì ni wọ́n sì fẹ́ lọ, kí ẹ̀gbọ́n lè rí ìwé fi pè é wá sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Rẹ́jísìrì ní kí wọ́n mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n tú gbogbo àpótí, kò rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kó kúrò nílé kan sí òmíràn láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Ló bá padà sí ọ́fíìsì tí òun àti ọkọ àkọ́kọ́ ti gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó. Wọ́n ní kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ó kọ̀wé sí Austin, olú ìlú ìpínlẹ̀ Texas, ó san owó, lẹ́tà kan dé, inú rẹ̀ dùn, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Wọ́n dá a padà pé ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́ kóòtù. Oṣù mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà létí mi. Ìlú Richmond ni ìwé náà wà ní gbogbo ìgbà yẹn, kò jìnnà sílé rẹ̀ rárá. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan la fi gbà á.

Láti ìgbà náà mo ti bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa rin ìrìn yìí, ibì kan náà sì ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti ń kọ. Ibi tí wọ́n ti so ìgbéyàwó pọ̀ ni wọ́n ń padà sí. Ibẹ̀ kọ́. Ibi tí wọ́n ti tú u ká ni ìwé wà. Texas ni mò ń gbé, ti ibẹ̀ ni mo mọ̀ dáadáa, òun ni màá sì fi ṣàlàyé. Agbègbè nínú ìpínlẹ̀, bíi ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ni wọ́n ń pè ní káúńtì níbẹ̀. N kì í ṣe lọ́yà o. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ní ìjà nínú, tí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín ṣì ń fa ọmọ tàbí ilé mọ́ra yín lọ́wọ́, ẹ wá lọ́yà.

Ìwé wo gan-an ni wọ́n ní kí ẹ mú wá?

Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwa ń pè ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀, wọn kò sì lè ṣe iṣẹ́ ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni ìdájọ́ fúnra rẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní Texas ń jẹ́ Final Decree of Divorce. Adájọ́ ló fọwọ́ sí i. Orúkọ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìgbéyàwó parí wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe pín dúkìá, ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé àti ẹni tí yóò máa sanwó ìtọ́jú wọn. Bí obìnrin náà bá ní òun fẹ́ padà sí orúkọ bàbá òun, inú ìdájọ́ yìí náà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tó lu òǹtẹ̀ sí i, tó sì fọwọ́ sí i pé ohun tó wà nínú fáìlì gan-an nìyí, òun ni wọ́n ń pè ní certified copy. Ẹ há orúkọ yìí sórí, nítorí òun ni ẹ máa sọ lójú fèrèsé ọ́fíìsì. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ibi ń béèrè: rẹ́jísìrì ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà bí ìdájọ́ náà bá yí orúkọ yín padà, àti USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwọlé sí Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé I-130 láti fi pe ọkọ tàbí aya tuntun wá (ẹ̀dà ìdájọ́ náà lásán ni àwọn ń gbà). Òfin ìwọlé Amẹ́ríkà ní kí ẹ fi hàn pé gbogbo ìgbéyàwó tó ti kọjá ti parí. Gbogbo rẹ̀ ni o, tiyín àti ti ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́.

Èkejì ni lẹ́tà ìjẹ́rìísí láti Austin. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lábẹ́ iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Texas ní àkọsílẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀ láti ọdún 1968. Ẹ san $20, wọn a wá inú àkọsílẹ̀ náà, wọn a sì kọ lẹ́tà pé lóòótọ́ ni káúńtì báyìí ti tú lágbájá àti tàmẹ̀dò ká ní ọjọ́ báyìí. Ó parí síbẹ̀. Iléeṣẹ́ náà fúnra wọn sọ pé lẹ́tà yìí kò lè dúró rọ́pò ìdájọ́ kóòtù. Òun ló já ẹ̀gbọ́n wa kulẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kí ẹ sọ ọ́ nù, torí ó ní ibi tó wúlò sí, màá dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni odindi fáìlì ẹjọ́: ìwé ìpẹ̀jọ́, ẹ̀rí pé wọ́n fi ìwé lé ẹnìkejì lọ́wọ́, àwọn àṣẹ kéékèèké tí adájọ́ pa kó tó di ọjọ́ ìparí, àti àṣẹ pínpín owó ìfẹ̀yìntì bí ó bá wà. Ẹni tó ń bá ẹ̀tọ́ owó ìfẹ̀yìntì jà tàbí tí lọ́yà rẹ̀ béèrè fún un nìkan ló nílò rẹ̀. Iye ojú ìwé ni wọ́n fi ń ka owó, fáìlì mìíràn sì nípọn bíi Bíbélì. Ẹ má san owó ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní kí ẹ mú ìwé wá: ṣé ìdájọ́ ló fẹ́ àbí lẹ́tà? Ṣé dandan ni kí òǹtẹ̀ kóòtù wà lórí rẹ̀? Ṣé gbogbo ojú ìwé ni? Ṣé ìjọba gbọ́dọ̀ fi àṣẹ kún un? Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Káúńtì wo?

Káúńtì 254 ló wà ní Texas, kóòtù wọn kì í sì í tọ́jú ìwé fún ara wọn. Bí ẹ bá dé Harris tí ìdájọ́ yín wà ní Fort Bend, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé àwọn kò rí nǹkan kan. Wọn kò parọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló dá lójú pé àwọn mọ káúńtì tí ẹjọ́ wọn wà, tó sì jẹ́ pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Katy ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ní “Katy ni mò ń gbé nígbà yẹn” kò tíì sọ ibì kan, torí ìlú náà wọ inú káúńtì mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Missouri City náà ná ẹsẹ̀ sí Fort Bend àti Harris. Àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà kì í sọ káúńtì fún ènìyàn. Ìwé owó orí ilé tàbí káàdì ìdìbò àtijọ́ ló máa ń sọ ọ́.

Òfin fúnra rẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Kí ènìyàn tó lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní Texas, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbé nínú ìpínlẹ̀ náà fún oṣù mẹ́fà, kó sì ti gbé nínú káúńtì tó ti pe ẹjọ́ fún 90 ọjọ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni mo wí. Bí ọkọ bá ti kó lọ sí Dallas kí wọ́n tó dé kóòtù, ó lè ti pe ẹjọ́ náà ní Dallas, kí ìyàwó má sì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ẹ kọ ibi tí ẹ̀yin ń gbé àti ibi tí ẹnìkejì ń gbé ní ọdún yẹn sórí ìwé kan. Ẹ ó rí i pé kì í ju káúńtì méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Bí ó bá ṣì dojú rú, ibí yìí ni lẹ́tà Austin ti wúlò. Orúkọ káúńtì wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà tún gbé àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún, láti 1968, sí ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ènìyàn sì lè wá ara rẹ̀ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ mú orúkọ káúńtì nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọjú sí ibi tí ìdájọ́ wà.

Ẹ tún yẹ ohun kan wò. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti tú ìgbéyàwó náà ká, kò sí káúńtì kankan ní Amẹ́ríkà tó ní ìwé rẹ̀, ibi yòówù kí ẹ máa gbé. Ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, ilé ẹjọ́ gíga ló ń tú u ká níbẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ni. Kóòtù ìbílẹ̀ kò ní agbára lórí ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, ìwé ìbúra tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í sì í tú ìgbéyàwó kankan ká. Mo ti rí ẹni tí wọ́n tìtorí èyí dá ìwé rẹ̀ padà.

Nínú káúńtì náà, ọ́fíìsì wo?

Ọ́fíìsì méjì ló ń jẹ́ orúkọ tó jọra. County Clerk ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìgbéyàwó, òun náà ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. District Clerk ló ń tọ́jú fáìlì ìkọ̀sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ District Clerk ni ẹ ń lọ. Ní àwọn káúńtì kékeré, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, wàhálà kò sí níbẹ̀.

Ti Harris wà ní àárín gbùngbùn Houston. Ti Fort Bend wà ní Richmond, ti Tarrant wà ní Fort Worth, ti Travis wà ní Austin. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ tó jáde. Kì í ṣe gbogbo ilé tí wọ́n ń pè ní kóòtù ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà ìwé fúnni.

Wíwá orúkọ Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà wọn

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí ibí ni ìwé àwọn ènìyàn wa ti ń sọnù lójú nígbà tó wà nílẹ̀.

Ohun tí akọ̀wé ń fẹ́ jù ni nọ́ḿbà ẹjọ́, tí wọ́n ń pè ní cause number. Ní Harris, ọdún tí wọ́n pe ẹjọ́ ló máa ń ṣáájú nọ́ḿbà náà, bíi 2011, kí àwọn nọ́ḿbà yòókù tó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà èyíkéyìí tí lọ́yà tàbí kóòtù kọ sí yín nígbà náà máa ní in lókè. Bí ẹ bá rí i, ẹ fo apá yìí. Bí ẹ kò bá rí i, orúkọ lẹ ó fi wá a, lórí ojúùwé District Clerk tàbí lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún aráàlú ní ọ́fíìsì náà.

Kọ̀ǹpútà náà kò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Ṣ nìkan tó láti pa ìwé mọ́. Ṣóbòwálé lè wà níbẹ̀ bíi Sobowale, ó lè wà bíi Shobowale. Adéṣínà lè jẹ́ Adesina tàbí Adeshina. Fọláṣadé lè jẹ́ Folasade, Folashade, tàbí kí lọ́yà kọ Sade nìkan torí ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn. Olúwaṣeun lè di Oluseun, ó sì lè di Seun. Ẹ gbìyànjú gbogbo rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ fún mi ni kí n tẹ lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan, kí n sì fi ojú wá ìyókù nínú ohun tó bá jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ipò orúkọ. Nílé wa, orúkọ bàbá la máa ń kọ ṣáájú lórí fọ́ọ̀mù, akọ̀wé tó bá sì kọ ohun tó rí lè ti fi orúkọ ìdílé ṣe orúkọ àkọ́kọ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sí ipò orúkọ ìdílé jálẹ̀ fáìlì ojú ìwé 30, láìsí ẹni tó fura. Orúkọ tí ẹ fi àmì kékeré so pọ̀, bíi Adesina-Bello, lè wà pẹ̀lú àmì náà, ó lè wà láìsí i, tàbí kí Adesina ti di orúkọ àárín. Obìnrin kí ó wá orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ọkọ àtijọ́.

Bí orúkọ yín bá wọ́pọ̀, ẹ fi ti ẹnìkejì wá a. Ẹjọ́ kan náà ni, ọ̀nà méjì ló wọ inú rẹ̀. Orí àkọsílẹ̀ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú In the Matter of the Marriage of, orúkọ àwọn méjèèjì á sì tẹ̀ lé e. Bí ọmọ kékeré bá wà, wọ́n á fi gbólóhùn mìíràn tó ń tọ́ka sí ọmọ náà kún un. Bí ẹ bá rí orí ẹjọ́ tí orúkọ ọmọ ṣáájú, ẹ má tètè kọjá, ó lè jẹ́ tiyín.

Nípa ọdún, òfin Texas kò jẹ́ kí adájọ́ tú ìgbéyàwó ká kí 60 ọjọ́ tó pé lẹ́yìn tí wọ́n pe ẹjọ́, àfi níbi tí ìwà ipá bá ti wà nínú ilé. Nítorí náà, ọdún tó wà nínú nọ́ḿbà ẹjọ́ lè yàtọ̀ sí ọdún tí ẹ rántí. Ẹni tó ní 2012 ni wọ́n tú òun ká, kó wá 2011 àti 2010 pẹ̀lú.

Ẹ rí ẹjọ́ náà. Ṣé ó parí?

Jọ̀wọ́, ẹ má fo ibí yìí.

Bí ẹ bá ṣí ẹjọ́ náà, ẹ ó rí ìlà àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ẹ wá ọjọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí Final Decree. Bí ẹ bá rí i, ìgbéyàwó ti parí lọ́jọ́ náà. Bí ohun tí ẹ rí ní ìparí bá jẹ́ Dismissed for Want of Prosecution, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n pe ẹjọ́, kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e, kóòtù sì da ẹjọ́ náà nù. Bí ẹ bá rí Nonsuit, ẹni tó pe ẹjọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kúrò. Nínú méjèèjì, kò sí ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ ṣì wà nínú ìgbéyàwó yẹn.

Mo mọ ọkùnrin kan tó fọwọ́ sí ìwé tí ìyàwó rẹ̀ mú wá ní 2009, tó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí lọ́jọ́ náà. Ó padà sí Èkó, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, wọ́n bímọ. Ìgbà tó fẹ́ kọ ìwé fún ìyàwó náà ló bá mi wá ìdájọ́. Kò sí ìdájọ́. Ẹjọ́ náà ti kú sínú kóòtù láti ọdún kejì. N kò lè gbàgbé bó ṣe jókòó sórí àga nínú ọ́fíìsì náà, tó di ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un mú, tí kò lè sọ̀rọ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe fi ìwé kankan ránṣẹ́ sí USCIS pé ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀. Ẹ lọ rí lọ́yà ìdílé àti lọ́yà ìwọlé kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lábẹ́ òfin Texas, ìgbéyàwó tí ènìyàn ṣe nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà kì í ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ó lè di ìgbéyàwó lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá parí ní kóòtù, bí àwọn méjèèjì bá ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya lẹ́yìn náà. Ọ̀nà wà, kì í kàn ṣe ohun tí ènìyàn ń dá ṣe fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ wo ọjọ́ ìdájọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó mìíràn. Texas kò gbà kí ẹni tí wọ́n tú ká fẹ́ ẹlòmíràn láàárín 30 ọjọ́ àkọ́kọ́, àfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda rẹ̀.

Bíbéèrè fún ẹ̀dà

Lílọ fúnra ẹni ló yá jù. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ḿbà ẹjọ́ dání, kí ẹ sì sọ pé certified copy ti Final Decree of Divorce lẹ fẹ́, ẹ̀dà mélòó. Bí ẹjọ́ náà kò bá pẹ́ jù, wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ fún yín lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́, ó lè wà nínú ilé ìtọ́jú ìwé àtijọ́ tàbí lórí fíìmù, wọ́n á ní kí ẹ padà wá.

Ẹ gba ẹ̀dà méjì, ó kéré tán. Ọ̀kan lè lọ sí Nàìjíríà kí ó má padà mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà béèrè, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ béèrè iye ojú ìwé tí ìdájọ́ náà ní. Ìdájọ́ àwọn tí kò bímọ, tí wọn kò ní ilé, lè má ju ojú ìwé díẹ̀ lọ, ti àwọn tó ní ọmọ àti dúkìá lè lé ní 40. Owó ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú tí nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀: orúkọ àwọn méjèèjì bó ṣe wà nínú ẹjọ́, nọ́ḿbà ẹjọ́, ọjọ́ tàbí ọdún ìdájọ́, iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ àti pé kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, nọ́ḿbà fóònù yín, àti àdírẹ́sì tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí. Ẹ fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ sí i, àti àpòòwé tí ẹ ti kọ àdírẹ́sì yín sí tí ẹ sì ti lẹ sítáǹpù mọ́. Money order ni kí ẹ fi sanwó, ní orúkọ District Clerk káúńtì náà. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í gba ṣẹ́ẹ̀kì ti ènìyàn lásán, ẹ má sì fi owó bébà sínú àpòòwé.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn ní àwọn káúńtì ńlá bíi Harris, ẹ óò kàn ṣí àkáǹtì lórí ojúùwé District Clerk. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ibi tí ẹ ń mú un lọ bóyá wọ́n máa gbà á. Rẹ́jísìrì wa nílé fẹ́ rí òǹtẹ̀ lórí bébà.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ojúùwé aládàáni tó máa ń yọ jáde ní àkọ́kọ́ bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lórí Google. Wọ́n ń gba owó ńlá, ohun tí wọ́n sì ń kó fúnni kò ju orúkọ àti ọjọ́ tí Austin ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lè lu òǹtẹ̀ kóòtù. Ẹ wo orúkọ káúńtì lórí ojúùwé náà dáadáa kí ẹ tó fi káàdì sanwó.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tàbí Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá ìwé Texas lè rán àbúrò tàbí ọ̀rẹ́. Ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́ ìwé gbangba níbí, àyàfi tí adájọ́ bá ti tì í pa. Nọ́ḿbà ẹjọ́ àti owó ni ẹni tí ẹ rán nílò. Nítorí pé ìwé gbangba náà ni, ẹ mọ̀ pé ẹlòmíràn lè rí i. Àwọn ìdájọ́ àtijọ́ máa ń ní nọ́ḿbà Social Security nínú, àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ. Ẹ bo ibẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp ẹbí.

Bí kì í bá ṣe Texas

Ìlànà kan náà ni, orúkọ ọ́fíìsì ló ń yàtọ̀. Ní Georgia, akọ̀wé Superior Court káúńtì náà lẹ ń wá. Ní Maryland àti Illinois, akọ̀wé Circuit Court. Ní California, Superior Court ti káúńtì. New York ló yàtọ̀ jù: Supreme Court ló ń tú ìgbéyàwó ká, County Clerk ló sì ń tọ́jú fáìlì, wọ́n sì tì í mọ́ aráyé. Ẹni tó ni ẹjọ́ àti lọ́yà rẹ̀ nìkan ló lè rí i, tàbí ẹni tí adájọ́ fún láṣẹ. Àbúrò tí ẹ bá rán lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo máa padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ìwé àṣẹ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìwé náà bá ń lọ sí òkè òkun

Bí wọ́n bá ní kí ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i, ibi tó ń lọ ló máa sọ ọ̀nà. Bírítéènì àti Brazil wà nínú Àdéhùn Hague ti 1961, nítorí náà apostille kan, ìyẹn ìwé àṣẹ tí àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn náà ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, láti ọ́fíìsì Secretary of State ti ìpínlẹ̀ Texas ní Austin ti tó. Fọ́ọ̀mù 2102 lẹ máa kún, $15 ni fún ìwé kan.

Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn yẹn, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn. Austin ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù náà pé Nàìjíríà ni ìwé ń lọ, kí wọ́n má fún yín ní èyí tí kò wúlò. Lẹ́yìn náà ó ń lọ sí State Department, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù DS-4194 àti $20, kí ó tó dé ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Amẹ́ríkà fún òǹtẹ̀ ìkẹyìn. Ẹ̀dà tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí gan-an ni Austin fẹ́ rí. Ẹ̀dà tí ẹ lọ fi ẹ̀rọ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, bí notary bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, kò ní kọjá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti ọwọ́ kan dé òmíràn, nítorí náà ẹ má mú ọjọ́ ìgbéyàwó kí ìwé tó padà dé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ́jísìrì ló ń béèrè gbogbo èyí. Ti ẹ̀gbọ́n wa, òǹtẹ̀ kóòtù Richmond nìkan ni wọ́n wò.

Kí ẹ tó kúrò lójú fèrèsé

Ẹ ka ìwé náà níbẹ̀. Ṣé orúkọ yín bá páásípọ́ọ̀tù mu? Bí kò bá mu, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, torí adájọ́ ló lè yí ohun tó wà nínú ìdájọ́ padà, akọ̀wé kò lè fi bírò tún un kọ. Ṣé ìbọwọ́lù adájọ́ wà ní ojú ìwé ìkẹyìn? Ṣé ojú ìwé kankan kò fò? Ṣé òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ hàn? Bí wọ́n bá fi ìyípadà orúkọ sínú rẹ̀, ẹ wá ojú ìwé tó wà kí ẹ lè tètè fi hàn ní ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù.

Bí ẹ bá délé, ẹ má yọ pín-ìn-nì tí wọ́n fi kan àwọn ojú ìwé náà pọ̀ láti lè fi ẹ̀rọ ya á. Ibi tó ń gba ìwé lè kọ ẹ̀dà tí wọ́n bá ti tú, torí wọn kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú ìwé kan nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i bí ìwé, ẹ ya á bẹ́ẹ̀.